Ẹja Àrọ̀ Nínú Táǹkì Ìyá Mi

Lọ́dún tí ìyá mi kú, bàbá mi kò jẹun mọ́. N kò sọ pé kò jẹun dáadáa; mo ní kò jẹun. Á mú ṣíbí, á fi tú ọbẹ̀ káàkiri inú àwo bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, á sì gbé àwo náà padà fún mi. Kò pẹ́ tí gbogbo aṣọ rẹ̀ fi tóbi jù ú lọ. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní oògùn tí òun ń fún un kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lò sínú òfìfo, pé bí ó bá ń bá a lọ báyìí, a ó pàdánù òun náà. Ó ní kí n yẹra fún ẹran màlúù, kí n máa fún un lẹ́ja. Mo ní mo ti gbọ́. Lójú tèmi, ẹja ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí dókítà lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí ọjà Máìlì 12.

Mo gbàgbé irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Àgbóyì ni wọ́n bí i sí, létí omi, inú ọkọ̀ ojú omi ló sì dàgbà sí. Ó pẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá kọ́lé sí Kétu, kí ó tó di láńlọ́ọ̀dù tí àwọn ayálégbé ń kí láàárọ̀. Mo se ẹja yìnyín fún un, mo fi ata rodo sí i bí ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lèyí?"

"Ẹja ni, Bàbá."

"Òkú ni. Ọjọ́ wo ló kú? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń kú?"

Mo gbé àwo kúrò. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá àwọn tó ń ta ẹja ààyè fún àwọn ilé ọtí ní Ìkòsì, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè kì í ṣe ohun tí akọ̀wé bíi tèmi lè máa san lójoojúmọ́. Ojú ọ̀nà ni mo wà, tí mò ń padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo, nígbà tí inú bí mi. Mo ti fi yàrá tí mo háyà ní Gbàgádà sílẹ̀ nítorí bàbá yìí. Mo ti sin ìyá mi, n kò sì tíì ṣe tán láti sin ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀ ni ẹja gbọ́dọ̀ kú kí ó tó jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ náà ni yóò kú.

Táǹkì kọnkéré kan wà lẹ́yìn ilé wa, tó ga dé ìbàdí mi. Ìyá mi ló ní kí wọ́n mọ ọ́n nígbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ ládùúgbò wa. Nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, a sọ ọ́ di ibi tí à ń ju àga tó ti dá lẹ́sẹ̀ sí. Mo kó àga jáde, mo fọ inú rẹ̀ títí èékánná mi fi kán, mo pe bíríkìlà kó wá fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó ti sán. Lẹ́yìn náà mo fa omi kànga kún un, mo rẹ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń dà á nù, mo ń pọn òmíràn sí i, kí oró sìmẹ́ńtì lè kúrò níbẹ̀. Mo lọ sí Owódé Onírin lọ ra ọ̀pá irin àti wáyà olójú àwọ̀n, mo ní kí wèdà so ó pọ̀ di ìdérí. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ó ń wò mí. Nígbà tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó yí àga náà padà, ó kẹ̀yìn sí wa, èmi àti táǹkì.

Ó ní, "Èmi ò lè jókòó máa wo ẹja tó ń gbé inú ilé bí adìyẹ."

Mo ní, "Ẹ má wò ó. Ẹ ṣáà ti jẹ ẹ́ tó bá tó jẹ."

Ọkùnrin tí mo ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ń tọ́ wọn nínú báfù lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìṣẹrì. Onísùúrù èèyàn ni. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣa àrọ̀: kí n ki ọwọ́ bọ omi, èyí tó bá sá ni kí n mú, èyí tó bá dúró tó ń wò mí kò lera, kí n wo irùngbọ̀n rẹ̀ bóyá ó pé, kí n wo ara rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta: "Aunty, ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ́gba o. Size kan náà." Mo ṣa igba, gbogbo wọn kò ju ìka àárín mi lọ. A dúnàá dúrà, mo sanwó.

Mo wá na abọ́ sí i. "Ènì mi ńkọ́?"

"Aunty, ẹja yìí kì í ṣe gàrí o."

"Kí ló kàn mí? Odidi igba ni mo rà. Ẹ fi ènì sí i."

"Gbogbo èyí tó dọ́gba pẹ̀lú tiyín ti tán. Àwọn tó kù ti jù wọ́n lọ."

"Ṣé mo ní mi ò fẹ́ ńlá ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. N kò ra tòmátì rí, n kò ra ẹ̀wà rí, n kò ra kẹrosíìnì pàápàá rí kí n má gba ènì. Ẹni tó bá ra nǹkan tí kò gba ènì, àwọn obìnrin ilé wa á ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ọkùnrin náà mi orí, ó bu abọ́ kan láti inú báfù mìíràn, ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé orí rẹ̀ tí mo gbé wá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, wọ́n sanra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tèmi. Inú mi dùn títí mo fi délé. Mo rò pé mo gbọ́n.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́ja nìyẹn. Láàárọ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì mi ní Ògùdù, mo máa ń fọ́n oúnjẹ fún wọn ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, mo sì ń dúró kí wọ́n jẹ ẹ́ tán kí n tó fọ́n òmíràn, torí oúnjẹ tí wọn kò bá jẹ, omi ni yóò bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́ mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ẹni tó jókòó tì mí sún tábìlì rẹ̀, ó ní òórùn kan wà lára mi. Mo ní òórùn oúnjẹ bàbá mi ni. Ní Sátidé, mo máa ń gbọ́n omi táǹkì sínú oko ùgú, mo ń kó ẹja sínú báfù méjì, mo ń kà wọ́n bí mo ṣe ń dá wọn padà sínú omi tuntun.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, igba ó lé mẹ́sàn-án ni mo kà. Mẹ́fà ti kú, mo sì rí òkú wọn. Ní Sátidé kejì, ó ku ọgọ́sàn-án, n kò rí òkú kankan. Mo tún un kà. Mo ra àgádágodo, mo fi ti ìdérí onírin náà pa, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi. Ní Sátidé kẹta, ó ku àádóje ó lé díẹ̀.

Ní yàrá iwájú ilé wa, ìyá kan wà tó ń ta ẹja yíyan. Ó ti ń bá wa gbé kí n tó parí sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń yan ẹja rẹ̀, lórí ìdajì dúrọ́ọ̀mù, kò ju ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá lọ sí táǹkì. Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún bàbá mi láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ń kọjá lẹ́nu bàbá mi, ẹ̀kọ yẹn nìkan ló máa ń mu tán. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo ti ọ́fíìsì dé, tí mo rí àrọ̀ kéékèèké lórí ayanran rẹ̀, tó ti ká wọn kò, tó fi igi gún wọn láti ìrù dé orí, ara mi gbóná. Wọ́n dọ́gba pẹ̀lú tèmi gẹ́lẹ́.

"Màmá, ibo lẹ ti rí àwọn tó kéré báyìí?"

"Máìlì 12. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó jọ tèmi ni."

Ó dìde dúró pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́. Èéfín ń gba ojú rẹ̀ kọjá, kò ṣẹ́jú. "Ọmọ láńlọ́ọ̀dù, ṣé olè lò ń pè mí?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá jù. Mo ní, "Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Mo kàn ń sọ pé ẹja ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi rìn jáde ni." Mo sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ayálégbé yòókù fi yọjú lójú fèrèsé.

Ó kó ẹja rẹ̀ wọlé bí wọ́n kò tilẹ̀ tíì jinná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ kò wá.

Mo po ẹ̀kọ fúnra mi. Bàbá mi tọ́ ọ wò, ó gbé e sílẹ̀. Ó bèèrè ìyá ẹlẹ́ja. Mo ní ó rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni èéfín dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé sí àárín wa. Bàbá mi wo èéfín, ó wò mí. Fún ọjọ́ mẹ́rin, tíì ló ń mu. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fẹ́ dìde lórí àga, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, mo sáré gbá a mú, ìwúwo rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ìwé lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí torí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún nígbà náà: ẹ̀rù bà mí pé èmi, tí mo fi gbogbo agbára mi wá ohun tí yóò jẹ, èmi náà ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ó jókòó tán, ó mí díẹ̀. Ó ní, "Kí lo sọ fún obìnrin yẹn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Òkú mélòó lo rí?"

"Kò sí òkú, Bàbá. Ìyẹn ni mo ṣe ní wọ́n ń jí wọn."

"Olè tó ń ṣí àgádágodo láìní kọ́kọ́rọ́, tó ń mú díẹ̀díẹ̀, tó sì jẹ́ pé kéékèèké nìkan ló ń mú?" Ó na apá sí mi. "Gbé mi dìde."

Láti ọjọ́ tí mo ti da omi sí táǹkì yẹn, kò dé ibẹ̀ rí. Mo dì í mú, a rìn ín díẹ̀díẹ̀. Mo ṣí ìdérí. Kò wo omi náà pẹ́. Ó ki apá bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó dúró jẹ́ẹ́, nígbà tó sì yọ ọ́, àrọ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó tóbi tó ọwọ́ mi, ikùn rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀, ìrù ọmọ ẹja kan sì yọ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń mì.

"Olè rẹ nìyí," ni bàbá mi wí. "Báwo lẹja tó tóbi tó báyìí ṣe dé àárín àwọn ọmọ ọwọ́?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ènì ni."

"Kí ni?"

"Mo gba ènì, Bàbá. Ó fún mi ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ara táǹkì mú, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ènì ẹja! O lọ gba ènì ẹja!" N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, ara mi sì ń ta, inú mi ń dùn, ojú ń tì mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó nu ojú tán, ojú náà sì le padà. Ó ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́. Níṣojú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ lo ti máa bẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ Sunday ni mo yàn, nígbà tí gbogbo ilé wà nílé. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, èmi ọmọ láńlọ́ọ̀dù, lórí sìmẹ́ńtì, mo sì sọ ọ́ sókè bí mo ṣe sọ ti àkọ́kọ́ sókè. Mo ní mo pe màmá lólè, mo purọ́ mọ́ wọn. Ẹja tí mo fi ojúkòkòrò gbà ló ń jẹ ẹja tí mo rà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in.

Ìyá ẹlẹ́ja fi mí sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí. "Mo ti gbọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Dìde. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, níṣojú mi lẹ ó máa ka ẹja yẹn. Èmi náà fẹ́ mọ iye tí wọ́n jẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ dé. Bàbá mi mu ún tán.

A kó àwọn tó tóbi jáde sínú dúrọ́ọ̀mù ike. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, ó dà bíi pé wọ́n ti jẹ ọ̀kan láàárín ara wọn. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú táǹkì jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Láti ìgbà yẹn, a máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Èyí tó bá ti ń tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a ó mú un kúrò. Bàbá mi yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí táǹkì, ó ń pàṣẹ. Ìyá ẹlẹ́ja á jókòó sórí àpótí, á máa kà á sókè bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Bí mo bá fo ọ̀kan, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ nìkan kò lè gbé ọkùnrin ró. Dókítà ṣì ń mi orí. Nígbà tí ẹja inú dúrọ́ọ̀mù tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo ní kí n pa ọ̀kan fún Bàbá. Ó ní, "Ọmọdé ni. Fi í sílẹ̀. Tó bá gbó, màá jẹ ẹ́." Mo fẹ́ sunkún. Mo rọra gbé ọ̀bẹ padà sí ìdáná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga wa fà, pọ́ǹpù ń fa ẹrẹ̀. Mo ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi láti kànga òpópónà kejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí n tó lọ síbi iṣẹ́, bí àwọn ará àdúgbò ti ń bi mí bóyá mo ti ń wẹ ẹja ni. Mo dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, mo ń fi ìkejì gbé kẹ́ẹ̀gì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹja gbọ́dọ̀ wà láàyè kí bàbá mi tó lè wà láàyè.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, ní Sátidé kan, Bàbá dìde láì pè mí, ó di ara ògiri mú títí ó fi dé ẹ̀bá táǹkì. Àwọn ẹja náà ti tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Mo tọ́ka sí èyí tó tóbi jù. Ó ní rárá, ìyẹn ti sanra jù, ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yàn. Ọ̀kan tó wà ní ìwọ̀n, tó ń bá àwọn yòókù jà lórí omi tuntun, ni ó ní ká mú.

Ó pa á fúnra rẹ̀. Ó fi iyọ̀ àti eérú fọ ọ̀yọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó ní omi gbígbóná máa ń ba awọ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ó fà á lé mi lọ́wọ́. Mo sè é bí wọ́n ṣe ń sè é létí omi, epo pupa, ata gígún, ewé efinrin. Ìyá ẹlẹ́ja wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ní òun kàn ń kọjá ni.

Mo rò ó dáadáa kí n tó bu oúnjẹ. Ara bàbá mi kò tíì le, eyín rẹ̀ ti dínkù, eegun lè há a lọ́fun. Mo yan àárín ẹja náà, ibi tó rọ̀ jù, mo yọ eegun rẹ̀ kúrò pátápátá bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ọwọ́. Mo gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà. Mo jókòó sílẹ̀, n kò lè wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Ọwọ́ náà gé òkèlè. Ó ki í bọ ọbẹ̀, ó lọ sókè, ó padà wá, ó gé òmíràn. Ìyá ẹlẹ́ja kò kọjá mọ́, ibi tó dúró sí náà ló wà. N kò mọ iye òkèlè tí mo kà kí n tó gbàgbé òǹkà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ àwo. Àwo náà mọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì kan ojú gan-an, bí ó ṣe máa ń kan ojú sí gbogbo wa nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

"Orí ẹja ńkọ́?" ni bàbá mi wí. "Ta lẹ gbé orí ẹja fún nínú ilé mi?"